Dókítà Elizabeth Àbímbọ́lá Awóliyì, Ìyá Àbíyè Èkó

Ìkíni kan wà nínú èdè wa tí a fi ń pàdé arìnrìn-àjò tó ti ọ̀nà jíjìn dé. A ó ní kí ó kú ewu. Ìkíni yìí kan náà ni a máa ń gbé lọ bá obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí a tó béèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Àwọn baba ńlá wa kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọ́n mọ̀ pé ìrìn-àjò ni oṣù mẹ́sàn-án, pé ọ̀pọ̀ ló bọ́ sójú ọ̀nà náà tí kò dé ilé, àti pé ẹni tó bá dé yẹ fún ọpẹ́. Nínú ìwé ìrántí ọdún ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, níbi tí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún gbogbo ọmọ tó ti gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá, ó tọ́ kí a ya ojú-ìwé díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ ọ̀nà náà kí ìyá àti ọmọ lè máa gúnlẹ̀ láyọ̀. Ẹni náà ni Dókítà Elizabeth Àbímbọ́lá Awóliyì, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ dókítà ní ilẹ̀ Nàìjíríà, tí a fi oyè Ìyá Àbíyè Èkó dá lọ́lá.

Òǹkàwé kan lè béèrè ohun tó pa ilé-ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn pọ̀ mọ́ dókítà ọmọ Èkó. Ẹ̀yin òbí wa mọ ìdáhùn náà dáadáa. Láti ọdún 1901, nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ti dé Ìbàdàn, ni Ifọ̀ àti Èkó ti di aládùúgbò. Ohun tí wọ́n bá kórè níhìn-ín ń lọ sí ọ̀hún, aṣọ àti ìròyìn ọ̀hún sì ń bọ̀ níhìn-ín. Nígbà tí a ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, ó kan Mowé àti Ìbàfò. Ìletò kéékèèké ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló ń sùn níbẹ̀ tí wọ́n sì ń jí lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó. Nítorí náà, obìnrin lè ti forúkọ oyún sílẹ̀ ní Èkó nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé Mowé ni ìrọbí ti mú un lóru, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ sì wà láàrin méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò jìnnà sí wa rárá.

Ní ọdún 1910 ni a bí Elizabeth Àbímbọ́lá ní Èkó, sínú ìdílé Akérélé. David Evans Akérélé ni bàbá wọn, Rufina sì ni ìyá wọn. Ó ku ọdún mẹ́rin nígbà náà kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó pa Gúúsù àti Àríwá pọ̀ di Nàìjíríà. Èkó ti ní ọkọ̀ ojú irin, ó ti ní iná mànàmáná ní àwọn àdúgbò kan, ó sì ní ilé ìjọsìn ńláńlá. Síbẹ̀, inú ilé ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin ti ń bímọ, lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí tó jogún iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá wọn. A kò gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Wọ́n mọ bí a ti í fi ọwọ́ wo ikùn kí a mọ ibi tí orí ọmọ wà. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń tu ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú, wọn kì í sì í fi aboyún sílẹ̀ lóun nìkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dá, tí gìrì bá gbé aboyún, tàbí tí ọmọ bá dábùú nínú, ohun tó lè ran aláìsàn lọ́wọ́ kò sí ní àrọ́wọ́tó wọn.

Ẹ̀rí èyí wà nínú àwọn orúkọ tí a ń jẹ́. Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòkúmọ́, Bánjókòó: ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ wọ̀nyí. Ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Kòkúmọ́ ti sin ọmọ rí, bóyá ju ẹyọ kan lọ. Àwọn òbí náà ń bẹ ọmọ kí ó dúró, nítorí wọn kò mọ ohun tó ń mú un lọ. Lóde òní, a mọ̀ pé ibà wà lára rẹ̀, àti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí bàbá àti ìyá ń gbé fún ọmọ láìmọ̀, àti tẹ́tánọ́ọ̀sì tó ń gba ojú ìwọ́ wọlé nígbà tí ohun tí a fi gé e kò bá mọ́. Ọmọbìnrin ìdílé Akérélé yìí dàgbà sínú ìlú tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní gbogbo agbo ilé. Iṣẹ́ tí wọ́n padà wá yàn láàyò jẹ́ ìdáhùn sí ẹ̀bẹ̀ inú àwọn orúkọ náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì St. Mary's ní Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, kí wọ́n tó lọ sí Queen's College. Ọdún 1927 ni ìjọba ṣí Queen's College, nítorí náà wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó sórí àga ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kí àwọn ọmọ wa lónìí tó lè mọ ohun tí èyí jẹ́, ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí bí ayé ti rí nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìwé tó bá ti tó obìnrin láti ka Bíbélì, láti kọ lẹ́tà àti láti ṣe ìṣirò owó ọjà ti tó. Aṣọ rírán, oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé ni ẹ̀kọ́ tí a kà sí tiwọn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kí ọmọbìnrin òun di dókítà ń dá ohun tí kò sí àpẹẹrẹ rẹ̀ nílẹ̀ sílẹ̀ ni. Àwọn òbí tó gbà kí Àbímbọ́lá máa bá ìwé lọ ní ìpín tiwọn nínú ìtàn yìí.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Ní gbogbo àkókò náà, kò sí ibi kankan ní Nàìjíríà tí ènìyàn ti lè gba oyè dókítà tó pé. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Yábàá ní ọdún 1930, olùrànlọ́wọ́ dókítà ló ń kọ́. Ti Ìbàdàn kò tíì sí. Ó di ọdún 1948 kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di dókítà gidi ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ó fi ilé sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àbímbọ́lá wọkọ̀. Wọ́n lọ sí ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland, ìlú tí ilé ìwòsàn àwọn aboyún kan ti wà láti ọdún 1745. Ní ọdún 1938 ni wọ́n parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn, wọ́n sì yege ní ipò kìíní. Wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ nínú ìmọ̀ ìṣègùn, wọ́n sì tayọ nínú ìmọ̀ ẹ̀yà ara ènìyàn. Nígbà tó yá, wọ́n di ọmọ ẹgbẹ́ àwọn àgbà oníṣègùn àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí nínú ìtọ́jú ọmọdé pẹ̀lú.

Àkókò tí wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ àkókò tí ìṣègùn aboyún ń yí padà. Títí di ìgbà náà, ibà tó ń tẹ̀lé ìbímọ ń pa àwọn ìyá ní Yúróòpù gẹ́gẹ́ bó ti ń pa wọ́n níhìn-ín. Láti ọdún 1847 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Semmelweis ti fi hàn ní ìlú Vienna pé ọwọ́ àwọn dókítà fúnra wọn ló ń gbé ikú náà láti orí ibùsùn kan dé òmíràn, àti pé bí wọ́n bá fọ ọwọ́ wọn dáadáa kí wọ́n tó kan aboyún, ikú yóò dín kù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́. Ní ọdún 1935, Gerhard Domagk ará Jámánì kéde oògùn kan tó lè pa kòkòrò irú ibà bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1936, wọ́n dán an wò lára àwọn ìyá ní London, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ì bá kú sì yè. Láti ìgbà náà ni ikú àwọn ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ kíákíá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà tó bá jáde ní ọdún 1938 mọ ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò mọ̀: pé ikú ìyá lórí ìkúnlẹ̀ kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run tí a ó kàn gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè dín kù ni.

Kí ìtàn lè dúró ṣinṣin, ó yẹ kí a sọ pé obìnrin mìíràn tó ní ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà lára ti ṣáájú wọn gba oyè dókítà. Agnes Yewande Savage, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Scotland, jáde ní Edinburgh ní ọdún 1929. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ni ó ti ṣiṣẹ́. Àbímbọ́lá Akérélé ni ó kọ́kọ́ wálé sí Nàìjíríà láti wá ṣe dókítà láàrin àwọn ènìyàn tirẹ̀.

Ipò tí wọ́n bá nílé kò dẹrùn. Láti ọdún 1902 ni ìjọba amúnisìn ti kó iṣẹ́ ìṣègùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sábẹ́ ètò kan tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú. Bí ètò náà tilẹ̀ rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tó yá, àwọn dókítà ọmọ ilẹ̀ wa ṣì ń gba owó tí kò tó ti àwọn òyìnbó, wọ́n sì ń pẹ́ lábẹ́ kí wọ́n tó gòkè. Ẹni tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó tún jẹ́ obìnrin ru ẹrù méjì. Ilé ìwòsàn Massey Street ní Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní ipò dókítà kékeré, pẹ̀lú gbogbo àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n kó bọ̀ láti Dublin. Wọn kò torí ipò náà padà sí òkè òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé ṣiṣẹ́ títí àwọn tó wà lókè fi mọ iyì wọn.

Kí ni iṣẹ́ náà? Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan jẹ́ dókítà aboyún, yàrá iṣẹ́ abẹ ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ sí. Iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà kò ní ariwo. Orí ìjókòó àárọ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn aboyún ti tò lórí àga. A ó wọn ìwọ̀n wọn. A ó yẹ ìfúnpá wọn wò, a ó sì yẹ ìtọ̀ wọn wò, nítorí àwọn méjì yìí ló ń sọ tẹ́lẹ̀ pé gìrì aboyún ń bọ̀, kí ó tó dé. A ó wo ìpéǹpéjú àti ẹ̀jẹ̀ wọn bóyá ẹ̀jẹ̀ kò tó, nítorí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kò ní agbára láti fara da èyí tí yóò dà nù lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. A ó fi ọwọ́ wo ikùn kí a mọ bí ọmọ ti jókòó. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́, àti èso, gẹ́gẹ́ bí agbára ilé bá ti mọ. Obìnrin tó bá jókòó síwájú dókítà tó gbọ́ èdè rẹ̀, tó sì jẹ́ obìnrin bíi tirẹ̀, lè sọ ohun tí kò lè sọ fún òyìnbó ọkùnrin nípasẹ̀ ògbufọ̀. Bóyá èyí gan-an ni ohun tí Èkó rí gbà lọ́wọ́ wọn tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní àkókò náà.

Ọdún ń gorí ọdún, ìjọba sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Ní ọdún 1960, ọdún òmìnira, Dókítà Awóliyì di olórí àwọn dókítà ní Massey Street, ní ilé ìwòsàn kan náà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ipò kékeré. Ní ọdún 1962, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ sọ wọ́n di àgbà onímọ̀ nípa ìtọ́jú aboyún àti àrùn àwọn obìnrin. Títí di ọdún 1969 ni wọ́n fi darí ilé ìwòsàn náà. Ijọba Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní oyè MBE, ìjọba Nàìjíríà fún wọn ní MFR, wọ́n sì tún jẹ oyè Ìyálájé ní Ọ̀yọ́.

Nínú gbogbo oyè wọn, èyí tó sọ ìtàn wọn jù ni Ìyá Àbíyè. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Àbíyè ni ọmọ tí a bí tó yè, àti ìyá tó bí i tí òun náà yè. Òdìkejì àbíkú ni. Láti ayébáyé ni a ti ń pe àgbà obìnrin tó ń gbẹ̀bí ní ìyá àbíyè, orúkọ yìí kan náà ni a sì ń pe àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà nínú ìjọ wa títí di òní. Nígbà tí a wá gbé orúkọ àtijọ́ yìí ka orí dókítà tó kàwé ní Dublin, ó hàn pé àwọn ènìyàn kò rí ìjà láàrin ìmọ̀ tuntun àti ìfẹ́ àtijọ́. Ohun tí agbẹ̀bí ìgbà ìwáṣẹ̀ ń wá ni dókítà náà ń wá: kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé irinṣẹ́ ti pọ̀ sí i.

Ìyá náà kò fi ara wọn mọ sí ilé ìwòsàn nìkan. Wọ́n fẹ́ Dókítà S. O. Awóliyì, oníṣègùn bíi tiwọn, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan. Nítorí náà àwọn pẹ̀lú ti gba ìkíni ẹ kú ewu. Wọ́n ní oko ọsàn àti adìyẹ ní Agége, lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ wá sí Ifọ̀. Nígbà tí a dá Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Nàìjíríà sílẹ̀, Kofoworola Ademola ni ó kọ́kọ́ ṣe ààrẹ rẹ̀. Dókítà Awóliyì gba ipò náà ní ọdún 1964, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Inú ẹgbẹ́ náà ni àwọn obìnrin onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, ọmọ Yorùbá àti ẹ̀yà mìíràn, ti ń jókòó pọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin àti ìgbé ayé ìdílé. Dókítà tó ti rí obìnrin lórí ibùsùn ìrora mọ̀ pé kì í ṣe orí ibùsùn náà ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a kò rán an níwèé, tí kò ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́, tí kò sì lè pinnu láti lọ sí ilé ìwòsàn láìjẹ́ pé ẹlòmíràn fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1971, Dókítà Elizabeth Àbímbọ́lá Awóliyì fi ayé sílẹ̀. Ọdún méjì péré ni ó ti kọjá tí wọ́n ti fi ilé ìwòsàn Massey Street sílẹ̀. Wọn kò rí ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1976. Wọn kò sì rí òpópónà márosẹ̀ tó sọ Mowé àti Ìbàfò di ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìgbésí ayé wọn kan àwa tó ń gbé lẹ́bàá òpópónà náà gbọ̀ngbọ̀n.

Àwọn onímọ̀ sọ pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa àwọn ìyá: kí a pẹ́ kí a tó pinnu láti lọ, kí a pẹ́ lójú ọ̀nà, àti kí a pẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti dé. Ìdílé tó wà ní Mowé, Ìbàfò tàbí Ifọ̀ lè dín méjì àkọ́kọ́ kù fúnra rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo ayé nímọ̀ràn ní ọdún 2016 pé kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ó kéré tán ní ìgbà 8 kí ó tó bímọ, kí ìgbà àkọ́kọ́ sì wáyé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ikùn bá yọ. Bí ó bá jẹ́ pé Èkó ni ìyàwó ti forúkọ sílẹ̀, kí ó mú ìwé rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan tó súnmọ́ ilé pẹ̀lú, kí wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀ kí òru kan tó dé. Kí ọkọ àti aya jọ mọ̀ ṣáájú àkókò ọ̀nà tí wọ́n máa gbà dé Ṣàgámù tàbí Abẹ́òkúta bí ọ̀ràn bá ju agbára ìtòsí lọ. Ní Ṣàgámù, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wa wà níbẹ̀. Ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn Sacred Heart ti wà láti ọdún 1895.

Ìtìlẹ́yìn tí a ń sọ kò ju ohun tí a lè ṣe lọ. Kí ọkọ dá àjọ ìbímọ láti oṣù kẹta, kí owó wà nílẹ̀ kí ìrọbí tó dé. Kí ó bá aládùúgbò kan tó ní ọkọ̀ sọ̀rọ̀ kí òru tó ṣú, kí nọ́ńbà fóònù onítọ̀hún sì wà lára ògiri. Kí ó mọ irú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀ àti ẹni méjì nínú ẹbí tàbí ìjọ tó lè fi ẹ̀jẹ̀ ta á lọ́rẹ. Kí ìyá ọkọ gba omi pípọn àti ẹrù wúwo lọ́wọ́ aboyún. Kí ó máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ó sì lo oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ tí wọ́n bá fún un. Kí gbogbo ilé sì mọ àwọn àmì tí a kì í fi í sùn: kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, kí orí máa fọ́ gidigidi tí ojú sì ń ṣú, kí ojú àti ọwọ́ wú lójijì, kí ara gbóná, kí omi dà kí àsìkò tó tó, kí ọmọ má mira mọ́. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn kò gbọdọ̀ dúró di àárọ̀.

A mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ ni tiwa, pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ń bímọ tàdúrà-tàdúrà, àti pé àwọn kan fẹ́ràn ilé àbíyè ìjọ wọn. A kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àdúrà yẹ aboyún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí Ṣífírà àti Púà nínú Ìwé Ẹ́kísódù. Àwọn agbẹ̀bí ni wọ́n. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run wọn hàn nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, nígbà tí wọ́n dá ẹ̀mí àwọn ọmọ sí, Ọlọ́run sì bùkún ilé wọn. Lúùkù tó kọ Ìyìn Rere jẹ́ oníṣègùn pẹ̀lú. Ìyá ìjọ tó bá mọ ibi tí agbára òun pin, tó sì tètè gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn, kò sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀. Òun náà ti ṣe ìyá àbíyè lọ́jọ́ náà.

Orúkọ náà kò kú. Ní ọdún 2009, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò láti dín ikú àwọn ìyá kù, Àbíyè ni wọ́n sọ ọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń tọ àwọn aboyún lọ sílé, tí a sì fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè tètè pe ẹni tó ń tọ́jú wọn. Ohun tí Èkó fi dá ìyá kan lọ́lá ti di ohun tí ìjọba lè ṣe fún gbogbo ìyá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ti di ìyá àti bàbá. Àwọn kan nínú yín jẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn kan jẹ́ dókítà, àwọn kan ń wakọ̀, àwọn kan ń ta oògùn. Kò sí ẹni tí kò ní ipa tirẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń wá ẹ̀bùn tí yóò fi ṣe ìrántí ọdún yìí, ẹ ronú nípa ìwọ̀n ìfúnpá àti àwọn ohun èlò ìgbẹ̀bí fún ilé ìwòsàn àdúgbò. Ẹ ronú nípa àkójọ orúkọ àwọn tó ṣe tán láti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọbìnrin yín bá fi ojú sí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ má ṣe sọ fún un pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ní Èkó, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ẹnì kan gbà kí ọmọbìnrin rẹ̀ máa bá ìwé lọ, àìmọye ìdílé sì ti gbọ́ igbe ọmọ tuntun nítorí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run sọ gbogbo aboyún inú wa kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tìyá-tọmọ. Kí àwa náà wà lójú ọ̀nà láti pàdé wọn, kí ìkíni ẹ kú ewu má ṣe wọ́n lẹ́nu wa.